Sí Olóòtú: Òjìji Ọkọ̀ Ogun Yẹn Dà?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o, ẹ sì kú ìnáwó bébà.

Àwòrán ogun ọjọ́ iwájú tí ẹ tẹ̀ sójú ewé tó kẹ́yìn, èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Agbowó fi kọ̀ǹpútà ṣe, ló mú mi gbé kálámù. Ẹni tí ìwé náà kò bá dé ọwọ́ rẹ̀, bó ṣe rí nìyí: ọkọ̀ ogun òfurufú mẹ́ta wá ká Ìbàdàn mọ́lé lọ́sàn-án gangan. Èyí tó tóbi jù nínú wọn dúró lókè Gbọ̀ngàn Màpó, ó ń yìnbọn sí Cocoa House, Cocoa House sì ń wó. Lókè pátápátá, níbi tí ojú ọ̀run ti ṣú, àwọn mìíràn tún ń bá ara wọn jà láàárín ìràwọ̀.

Látìgbà náà ni àwọn òǹkàwé yín ti ń fún ọmọ náà nímọ̀ràn. Ẹnì kan ní kó fi iná kún iná. Ẹlòmíràn ní ọkọ̀ mẹ́ta kéré, kó sọ wọ́n di ọgbọ̀n. Ọ̀gá kan láti Àkóbọ̀ ní àìní kọ̀ǹpútà gidi ló ń dà á láàmú, kí àwọn olówó ìlú dáwó ra ńlá fún un. Gbogbo wọn gbà pé ọmọ náà mọṣẹ́, gbogbo wọn sì ní àwòrán náà kò jọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ohun tó fà á.

Ọ̀dà ọkọ̀ ni mò ń kùn ní Ìwó Road, láti ìgbà tí Datsun ṣì pọ̀ nígboro. Ohun tí oòrùn ń ṣe lára irin ni mo fi ojú mi wò dàgbà. Àkọ́bí mi obìnrin náà sì ń lo Blender, ètò orí kọ̀ǹpútà kan náà tí ọmọ Agbowó yìí lò, tó fi ń ya àwòrán ilé tí wọn ò tíì kọ́ fún àwọn kọ́lékọ́lé ní Bódìjà. Bí iná bá wà lálẹ́, èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń jókòó tì í, a ó sì máa bá ara wa jiyàn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àgbọ́sọ. Ọkọ̀ ogun yẹn ò ní àléébù kan tó tó nǹkan. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé Ìbàdàn ò mọ̀ pé ọkọ̀ wà lókè òun, ọkọ̀ náà ò sì mọ̀ pé Ìbàdàn ló wà lábẹ́ òun.

Ẹ mú ìwé ìròyìn náà, ẹ wo ilẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ńlá yẹn. Cocoa House ga ní mítà 105. Bí ẹ bá fi rúlà wọ̀n ọ́n, ọkọ̀ náà gùn tó Cocoa House márùn-ún tí a tò léra, ìyẹn ni pé ó lé ní ìdajì kìlómítà. Ohun tó tóbi tó báyìí dábùú oòrùn lọ́sàn-án gangan, síbẹ̀ páànù Bẹẹrẹ àti ti Ọjà'ba ń tàn yanran bí ìgbà tí kò sí nǹkan kan lókè. Ojú tó rí ìyẹn ti mọ̀ pé irọ́ ni, bí ẹnu ò tiẹ̀ lè sọ ọ́. Òjìji ọkọ̀ náà dà?

Kó tó sáré lọ fi òjìji sí i, kó mọ irú òjìji tó máa jẹ́. Oòrùn ní fífẹ̀ lójú ọ̀run, ó tó bí ìdajì dígíríì. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òjìji ọwọ́ fi máa ń mú létí bí ọwọ́ bá sún mọ́ ògiri, tí etí rẹ̀ á sì máa rọ̀ bí ọwọ́ bá ṣe ń jìnnà sí i. Bí ọkọ̀ ogun bá wà ní kìlómítà kan sókè, tí oòrùn sì wà lórí tààrà, etí òjìji rẹ̀ á fẹ̀ tó mítà 9 láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń dín kù títí dé ibi tó ti ṣú tán. Ó lè gba àgbàlá odidi ilé kan. Oòrùn tó wà nínú Blender ti wá pẹ̀lú 0.526 dígíríì láti ọwọ́ àwọn tó ṣe é, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń sọ ọ́ di òdo kí òjìji lè mú bí abẹ. Òjìji tó bá mú bẹ́ẹ̀ láti kìlómítà kan sókè ń sọ fún wa pé ọkọ̀ náà ò ju nǹkan orí tábìlì lọ.

Ìyẹn tán, ó ku ikùn ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀, torí iṣẹ́ mi nìyẹn.

Nínú àwòrán náà, ikùn ọkọ̀ ń tàn funfun balau. Gbogbo páìpù, gbogbo wáyà, gbogbo ihò ìbọn ló hàn kedere. Oòrùn wà lókè. Ta ló wá tan iná sábẹ́ ọkọ̀? Ọmọ Agbowó ni. Ó fi àtùpà pamọ́ síbẹ̀ kí a lè rí iṣẹ́ tó ṣe. Nígbà tí mo fi han ọmọ mi, ẹ̀rín ló rín. Ó ní, “Dádì, gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ méjì so páìpù mọ́ ọkọ̀ ò ní fẹ́ kí òkùnkùn gbé e mì.” Mo gbọ́, àmọ́ kí òkùnkùn gbé e mì náà ló dáa.

Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó tọ́ sí ikùn yẹn ni èyí tí Ìbàdàn bá ta padà sókè, àwọ̀ Ìbàdàn ló sì gbọ́dọ̀ ní. Bí mo bá kun ọkọ̀ funfun tán, tí mo tì í bọ́ síta sórí ilẹ̀ pupa iwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó bá di aago mẹ́wàá àárọ̀. Láti ibi ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ sókè, ojú ọ̀run ló wà lára ọ̀dà náà, ó ń fà sí búlúù. Láti ibẹ̀ wá sísàlẹ̀, bí ẹni fi omi osùn nù ún ló rí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dà kan náà ni, gọ́ọ̀nù kan náà ni mo fi fọ́n ọn. Oníbàárà kan tiẹ̀ bá mi fa wàhálà lórí ẹ̀, ó ní mo ti da ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú mọ́ tòun. Mo ní kó wa ọkọ̀ rẹ̀ bọ́ sórí títì ọlọ́dà. Bó ṣe gun títì báyìí, gbogbo pupa yẹn lọ. Kò tọrọ àforíjì o, ó kàn sanwó tó kù.

Ṣé ẹ wá rí bí ọ̀rọ̀ ikùn ọkọ̀ yẹn ṣe jẹ́? Páànù tó ti dípẹtà láti Màpó títí dé Òkè Ààrẹ, ilẹ̀ pupa láàárín wọn. Ó yẹ kí ikùn ọkọ̀ ṣókùnkùn, kí òkùnkùn náà sì fà sí pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí èèyàn bá rí àwọ̀ yẹn lábẹ́ ọkọ̀, kò ní mọ ìdí tó fi gbà gbọ́, ṣùgbọ́n á gbà pé ọkọ̀ náà wà lókè Ìbàdàn, pé kì í ṣe ìlú mìíràn. Cycles tó wà nínú Blender máa ń ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta láti ara nǹkan kan bọ́ sára òmíràn, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ rí ilẹ̀ kó tó lè ta á padà. Ó jọ pé fọ́tò Ìbàdàn ni ọmọ wa yìí kàn gbé sẹ́yìn ọkọ̀, kò sí ilẹ̀ kankan lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Kó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan síbẹ̀, kó fẹ̀ tó kìlómítà mélòó kan, kó kun ún ní àwọ̀ páànù àti ti ilẹ̀ pupa. Kò pọn dandan kó kọ́ ilé kankan sórí ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó pa gbogbo àtùpà tó fi pamọ́. Àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já nígbà tó bá rí bí ibẹ̀ ṣe ṣú tó. Kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó tún un wò.

Ẹni tó ní kó sọ ọkọ̀ mẹ́ta di ọgbọ̀n, mo fẹ́ kí ẹni náà gun Ilé-ìṣọ́ Bower lórí Òkè Ààrẹ, Láyípo wa tó ti wà níbẹ̀ láti 1936. Kó gun àtẹ̀gùn rẹ̀ dókè, kó wo ìlú. Páànù tó wà nítòsí pọ́n dáadáa, abẹ́ òrùlé wọn sì dúdú kirikiri. Kó gbójú sókè díẹ̀: pupa ṣì wà, àmọ́ dúdú abẹ́ òrùlé ti di àwọ̀ eérú. Kó tún gbójú sókè sí i, títí dé ibi tí ìlú ti parí, kò ní rí dúdú kankan mọ́, gbogbo rẹ̀ á ti máa bá ojú ọ̀run dọ́gba. Dúdú ló kọ́kọ́ máa ń sọnù lójú ọ̀nà jíjìn, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín náà ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Nígbà ọ̀yẹ́ ńkọ́? Ìgbà mìíràn wà tí Cocoa House fúnra rẹ̀ á kàn máa hàn bàìbàì.

Ọkọ̀ kẹta nínú àwòrán yẹn wà lọ́hùn-ún, lápá Ẹlẹ́yẹlé. Bí èyí tó wà lórí Màpó ṣe dúdú ni òun náà ṣe dúdú, kò dín, kò lé. Kí lojú á fi mọ̀ pé ó jìnnà? Ojú á kàn gbà pé ó kéré ni. Bó bá wá di ọgbọ̀n, ọkọ̀ kéékèèké ọgbọ̀n la ní, gbogbo wọn á sì wà nítòsí. Nǹkan kan wà nínú Blender tí wọ́n ń pè ní Mist, ó ń sọ bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó. Kó fi ìyẹn po àwọ̀ ojú ọ̀run mọ́ ọkọ̀ kẹta, díẹ̀ mọ́ ìkejì, kó má fọwọ́ kan ìkíní. Iṣẹ́ kékeré ni, kò sì ń jẹ iná.

Ọ̀rọ̀ títóbi yìí ò tíì tán o. Bóòtù ló fi kan ara ọkọ̀ yípo. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, orí bóòtù kọ̀ọ̀kan tó fèrèsé Cocoa House. Sípánà wo ni wọ́n fi dè é? Ojú híha tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí ọ̀kadà máa ń ha sára Micra ní Gate. Bí ojú híha bá rí báyẹn lára ọkọ̀ tó gùn tó ìdajì kìlómítà, ojú híha náà fẹ̀ ju òpópónà lọ. Ohun tó ń mú ọkọ̀ tóbi lójú ni nǹkan kéékèèké tí a mọ bí wọ́n ṣe tóbi tó: ilẹ̀kùn tí èèyàn kan lè gbà wọlé, àkàbà, fèrèsé tó pọ̀ débi tí a ò lè kà á. Kó yọ bóòtù, kó fi ilẹ̀kùn kan síbẹ̀ nígun, kó kéré débi pé ẹni tó bá fara balẹ̀ nìkan ló máa rí i.

Ó tún mú kí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣe bàìbàì, kí àárín nìkan mọ́ gaara, bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò ìyàwó ojú ọ̀nà. Ohun tó bá sún mọ́ awò kámẹ́rà ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà tó ń wo nǹkan láti kìlómítà kan tàbí méjì, gbogbo rẹ̀ ló máa ń rí dọ́gba. Kó pa ìyẹn náà.

Etí irin ńkọ́? Ẹ lọ fọwọ́ pa etí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín. Wọ́n ká a pọ̀ ni, kò mú, ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì máa ń sáré lórí ibi tí wọ́n ti ká a. Èmi àti ẹni tó ń lu irin, ìlà yẹn la fi ń mọ̀ bóyá bọ́nẹ́ẹ̀tì ti tọ́ tàbí ó ṣì wọ́. Ọkọ̀ ogun wa yìí ò ní ìlà bẹ́ẹ̀ níbì kankan, gbogbo etí rẹ̀ mú bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ gé bébà. Blender ní Bevel fún un, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń pa etí kó má mú mọ́.

Ẹnì kan tún fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìyẹn àwòrán kan náà tó ń rìn. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá àwọ̀. Ohun tó bá já láti orí Cocoa House máa lo bíi ìṣẹ́jú-àáyá 4 àti ààbọ̀ kó tó kanlẹ̀. Nínú fídíò yẹn, bí ìbọn ṣe bà á ni àfọ́kù ti kanlẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 1 lọ. Ohun tó bá lo ìṣẹ́jú-àáyá 1 kó tó balẹ̀, láti ibi tó ga tó mítà 5 ló ti já. Òrùlé ilé ilẹ̀ nìyẹn! Ó ti sọ Cocoa House di ilé ilẹ̀ láìmọ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, àwọn tó ń ya fíìmù ogun ní Amẹ́ríkà máa ń mọ ilé kékeré, wọn á fọ́ ọ níwájú kámẹ́rà, wọ́n sì mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbé e gbà. Bí ilé tí wọ́n mọ bá jẹ́ ìdá 1 nínú 25 ti gidi, wọn á mú kí kámẹ́rà sáré ní ìlọ́po 5, kó ya 120 àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan dípò 24, kí ó lè rọra wó bí ilé ńlá bí wọ́n bá wá fi í hàn ní 24. Iṣẹ́ tiwa rọrùn ju ìyẹn lọ. Kó kọ́ Cocoa House sínú Blender ní mítà 105 gan-an, kó má dín in kù, kó sì jẹ́ kí 9.81 tó wà nínú ẹ̀, ìyẹn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan, fà á wálẹ̀.

Kò sì yẹ kí ilé náà fọ́ wẹ́wẹ́ báyẹn. Àwa tó ti gbọ́njú ní 1985 mọ̀ pé Cocoa House ti jóná rí. Ó jó, ó dúró, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún ṣí i ní 1992. Kọnkéré tó ní irin nínú kì í túká bẹ́ẹ̀ yẹn. Apá kan á gé, irin inú ẹ̀ á sì yọ síta, òmíràn nínú irin yẹn á ṣì gbé odidi kọnkéré dání lókè, kò ní jẹ́ kó já. Irin wíwọ́ mélòó kan tó yọ síta níbi tí ìbọn ti bà á máa ṣe ju iná tí ẹ ní kó fi kún iná lọ.

Iná ọ̀hún gan-an, pupa ló kùn ún láti àárín dé etí. Kó lọ wo wẹ́dà. Ibi tó gbóná jù máa ń funfun, lẹ́yìn náà ló ń fà sí yẹ́lò, lẹ́yìn náà sí àwọ̀ ọsàn. Pupa ni èyí tó ti ń tutù. Ọmọ mi ní láti Blender 4.0 tó jáde ní 2023 ni wọ́n ti fi ètò àwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní AgX síbẹ̀, tó ń jẹ́ kí iná tó lágbára funfun fúnra rẹ̀. Ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọmọ náà ti yí i kúrò kí pupa rẹ̀ lè dùn ún wò.

Ti ogun òkè láàárín ìràwọ̀, n kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Kó yọ ìràwọ̀ kúrò. Àwọn fọ́tò tí wọ́n yà lórí òṣùpá ní 1969 kò ní ìràwọ̀, torí kámẹ́rà tí wọ́n tò fún ohun tí oòrùn ń tàn sí gbangba kò lè rí ìmọ́lẹ̀ kékeré. Èéfín tó ń gòkè níbẹ̀ náà kò lójútùú. Níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, kò sí ohun tó máa gbé èéfín gòkè, á fọ́n ká síhìn-ín sọ́hùn-ún ni, á sì pòórá kíá. Bákan náà ni ipẹtà tó ń ṣàn wálẹ̀ lára ọkọ̀ tí kò wọ ayé rí. Òjò wo ló pa á?

Ọ̀gá Àkóbọ̀ tó fẹ́ kí á dáwó ra kọ̀ǹpútà, Ọlọ́run á san án fún yín, sà. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, èwo ni kọ̀ǹpútà ńlá ń ṣe? Ọ̀fẹ́ ni Blender, ó ti di ti gbogbo ayé láti 2002. Bí ẹ bá fẹ́ ṣàánú ọmọ náà, bátìrì ínfátà ni kí ẹ rà fún un. Ó ní òun ti rẹ́ńdà fídíò yẹn, ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ti ń ya á jáde, dé ìdajì kí wọ́n tó mú iná lọ, gbogbo rẹ̀ sì ṣòfò. Fídíò tààrà ló ń kọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn. Kó ní kí Blender máa tọ́jú àwòrán kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bó ṣe ń ṣe é tán, fáìlì àwòrán PNG lórí PNG. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní àwòrán 83, á bẹ̀rẹ̀ láti 83 bí iná bá dé. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá pé ni kó tó so wọ́n pọ̀ di fídíò.

Olóòtú, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí dé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹ ò bá tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde. Irin tó jóná, irin tó dípẹtà, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó wọ́, ọ̀dà tó ti bó: gbogbo ẹ̀ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, kó wá fi fóònù yà wọ́n bó bá ṣe wù ú, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Kó wá kí oòrùn tó le jù, kó má wá lọ́jọ́ Àìkú.

Èmi ni,
Bàbá Ọlọ́dà,
Ìwó Road, Ìbàdàn.